Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ: èsì mi fún ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Lẹ́tà yìí gùn ju báyìí lọ nígbà tó dé ọwọ́ mi. Mo ti gé e kúrú, mo sì ti yọ gbogbo ohun tí ará àdúgbò fi lè dá ilé náà mọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 22, ó wà ní yunifásítì. Nígbà tó wálé lọ́jọ́sí, à ń ṣa ẹ̀wà lálẹ́, iná ò sí, ó kàn la ẹnu, ó ní: 'Mọ́mì, Bọ̀ọ̀dá yẹn máa ń bá mi sùn.' Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà kan ló ń sọ. Ó ní òun wà lọ́mọ ọdún 9, àwọn ọjọ́ tí mo bá lọ kó ọjà ní Ìbàdàn ni, ó sì tó ọdún kan kí ọkùnrin náà tó kó lọ. Mo figbe ta. Mo ní, 'Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?' Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́. Ọkùnrin yìí ti ba ọmọ mi jẹ́. Mo gba ọmọ mi gbọ́ o, ṣùgbọ́n ohun kan ń gún mi lọ́kàn: mo rántí pé ó máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ yàrá ọkùnrin náà, á sì gba owó bisikíìtì bọ̀. Ṣé kò lọ́wọ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, torí ẹ̀rù ohun tí ọkọ mi lè ṣe ń bà mí. Wọ́n ní ká má jẹ́ kó dé ìta, pé bí ọkùnrin náà bá wálé ní Kérésì, àwọn á pe àwọn méjèèjì jókòó, ọmọ á dárí jì í, ọ̀rọ̀ á tán. Pásítọ̀ wa ní ká mú un wá fún ìdáǹdè. Ṣé ọmọ mi lè padà sí bó ṣe wà? Ṣé á lọ́kọ? Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ tó gbé ọdún 13 nínú ọmọ, tó wá já lé yín lórí lálẹ́ ọjọ́ kan níbi tí ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà, kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń gún yín lọ́kàn, torí bí kò bá tíì kúrò níbẹ̀, inú asẹ́ ni màá máa bu omi sí pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo bá sọ tẹ̀ lé e.

Ọmọ yín kò lọ́wọ́ níbẹ̀. Kò lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó fi wọ yàrá yẹn, ta ló fi ọ̀nà hàn án? Àwa ni. Bí ilé yín bá rí bíi tèmi, ẹ ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá pè é, kò gbọdọ̀ dúró béèrè ìdí. Ẹ kọ́ ọ pé kó máa fọwọ́ méjèèjì gba nǹkan, kó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bọ̀ọ̀dá ni ẹ ní kó máa pè é, Bọ̀ọ̀dá náà ló sì ń bu oúnjẹ fún un bí ẹ bá pẹ́ lójú ọ̀nà. Ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ń ṣe ni ọmọ yín ṣe.

Owó bisikíìtì ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ìtàn yìí tó bí mo ṣe gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní owó bisikíìtì nínú. Nínú òmíràn súìtì ni, nínú òmíràn fóònù tí ọmọ fi ń ṣe géèmù ni, nínú òmíràn pàápàá, Bọ̀ọ̀dá nìkan ló ráyè bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Irú àwọn ọkùnrin báyìí kì í sáré. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ara wọn di ẹni ire lójú òbí, wọ́n á wá di ẹni ire lójú ọmọ. Wọ́n á fún ọmọ ní nǹkan kékeré kan tí kò gbọdọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó lè pa àṣírí mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ á tó kan ara. Kí ọ̀rọ̀ tó le, ọmọ ti gba owó, ó ti purọ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti gbà nínú ara rẹ̀ pé òun náà ti dá sí i. Ẹnu ọmọ ni wọ́n fi owó yẹn rà. Ẹ̀bìtì ni, eku tó jẹ ẹ̀kùrọ́ orí ẹ̀bìtì kò bá ẹlẹ́bìtì ṣàdéhùn kankan.

A máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìgbà tí a bá fẹ́ kí tọmọdé tàgbà ran ara wọn lọ́wọ́ la sábà ń pa á. Èmi máa ń fà á yọ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, torí ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá, orí pẹpẹ ló wà, ọmọ ọdún 9 kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Òfin pàápàá ti pa ìbéèrè yín tì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2006, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Abala 31 nínú ti ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé kò sí àwíjàre nínú "ọmọ náà gbà" tàbí "mo rò pé ó ti dàgbà". Bí adájọ́ kò bá gbọdọ̀ bi ọmọ ní ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin ìyá rẹ̀ náà, ẹ sọ ọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò lẹ́nu. Ẹ ní ọkùnrin náà ti ba ọmọ yín jẹ́. Gbogbo wa la ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí ọmọ gbọ́ ọ. Tòmátò ló ń bàjẹ́. Ọbẹ̀ àná ló ń bàjẹ́. Ohun tó bá sì ti bàjẹ́, àkìtàn ni wọ́n ń dà á sí.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ̀yin àti èmi la jọ gbọ́ ìtàn páálí ìṣáná tó kún àti èyí tó dín, ìtàn aṣọ funfun, ìtàn agbè ẹmu tí wọ́n ń gbé lọ fún àwọn òbí ìyàwó bí ọkọ bá bá a nílé. A ti gbọ́ ọ títí a fi gbé orúkọ nǹkan kan fún nǹkan mìíràn. Ìbálé, ọ̀rọ̀ ara ni. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni: ẹni tí kò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é, tí kò mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn débẹ̀. Ènìyàn burúkú lè fipá gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Èkejì kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olè bá kó ilé, onílé kì í torí ìyẹn di olè.

Ṣé á lọ́kọ? Bó bá wù ú láti lọ́kọ, á lọ́kọ. Mo ti jókòó níbi ìgbéyàwó àwọn tí mo tọ́jú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì jẹ ìrẹsì wọn yó. Bóyá á sọ ìtàn rẹ̀ fún ọkọ, àti ìgbà tó máa sọ ọ́, òun nìkan ló ni ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí alẹ́ ẹ̀wà. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Kò sí ìyá tí kò ní béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dún létí yín kọ́ ló ṣe dún létí rẹ̀. Létí yín, ẹkún ni. Létí rẹ̀, ẹjọ́ ni.

Roland Summit, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé lọ́dún 1983 bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rìn nínú ọmọ, mi ò sì tíì rí ẹni tó tún un ṣe jù ú lọ. Ó ní àṣírí ló ń ṣáájú. Ọmọ á rí i pé òun ò lágbára. Á wá kọ́ bí òun ṣe máa bá a gbé. Bó bá máa sọ, yóò ti pẹ́, yóò sì sọ ọ́ lọ́nà tí kò dán mọ́rán. Bí ilé bá sì dàrú lẹ́yìn tó sọ ọ́, á sẹ́. Ìkarùn-ún yìí ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ọmọ yín bá wá bá yín lọ́la tó ní "ẹ gbàgbé ẹ, mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni," ẹ má dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbà á gbọ́, àti pé ẹ ò ní fi dandan mú un sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pé ó pa á mọ́ra fún ọdún 13 kò ya ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́nu. Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹ̀yin ló sọ ọ́ fún. Òkùnkùn ṣú, ọwọ́ yín méjèèjì wà nínú ẹ̀wà, ẹ ò wo ojú ara yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń wá irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí kò tiẹ̀ ké lọ́jọ́ náà. Bí jìnnìjìnnì bá bo ara, ó lè jà, ó lè sá, ó sì lè gan. Ọmọ ọdún 9 kò lè bá ọkùnrin jà, kò sì síbi tó máa sá lọ nínú ilé bàbá rẹ̀, ni ara á bá gan, ọkàn á sì wá ibòmíràn lọ. Obìnrin kan tí mo tọ́jú sọ fún mi pé pákó 14 ló wà ní àjà yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é níṣekúṣe, pé ìkẹta láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti jẹrà níbi tí òjò ń jò sí. Kò rántí oṣù, kò rántí aṣọ tó wọ̀. Pákó ló rántí. Bí ọmọ yín bá ń sọ ìtàn rẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, tó dá a lójú nípa nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan, tó sì ṣì ọdún mọ́ ọdún, irọ́ kọ́ ni. Bí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn.

Òun nìkan sì kọ́. Lọ́dún 2014, àjọ tó ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà ṣe ìwádìí pẹ̀lú UNICEF àti CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà. Nínú obìnrin 4, ọ̀kan, nínú ọkùnrin 10, ọ̀kan, ló ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ṣe òun léṣe kí òun tó pé ọdún 18. Ẹ ka orí àwọn tó wà ní ìlà yín nínú ọjà. Mo sì fẹ́ kí àwọn tó bí ọmọkùnrin ka ìdajì kejì gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ ò kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fura pé ìrìn-àjò Ìbàdàn yẹn ń jẹ yín nínú. Oúnjẹ àti owó iléèwé ọmọ lẹ lọ wá. Ẹni tí ẹ fi ṣọ́ ilé ló jalè. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé, ojú ọjà kò sì lè rí inú obì. Síbẹ̀, ẹ jẹ ọmọ yín ní àforíjì méjì: ọ̀kan fún igbe alẹ́ yẹn, ọ̀kan fún pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí i nínú ilé yín tí ojú yín kò tó o. Àforíjì kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn lẹ́nu àgbà. Ìyá kan wà tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó jókòó sí iwájú mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti bímọ méjì. Ó gbìyànjú títí, ó wá pe oríkì ọmọ náà, ó ní, "Ojú mi ni ò tó o. Má bínú." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oríkì máa ń ṣe sínú ọmọ. Ọmọ náà fọwọ́ di etí. Ó ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó lè sọ fún wa pé oríkì yẹn gan-an ni ọkùnrin náà fi ń pè é ní ẹnu ọ̀nà lóru. Ìyá rẹ̀ kò jiyàn. Kò ní "àmọ́ èmi ni mo sọ ọ́ ní oríkì yẹn". Ó béèrè pé, "Kí ni kí n máa pè ọ́?" Ọmọ ní, "Ẹ máa pè mí lórúkọ mi." Orúkọ rẹ̀ ló fi ń pè é títí di òní. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé báwo ni ẹbí ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà nílé yín tí ẹ ò mọ̀: òórùn ọṣẹ kan, ìró bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí láìkàn. Ẹ máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ bi í kí ẹ tó dì mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá rẹ̀ lóru, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má sì máa wò ó bí ẹni ń wo ẹyin tó fẹ́ fọ́. Ẹ rán an níṣẹ́ bí ẹ ṣe ń rán an tẹ́lẹ̀, ẹ bá a jà lórí abọ́ tí kò fọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló kàn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì mọ òwe tí wọ́n pa fún yín láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́ fún mi: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe ẹni méjì tó ń du ilẹ̀ ni, tàbí ẹni méjì tó jẹ ara wọn lówó. Ìjà là ń parí. Ta ló bá ta jà níbí? Àgbàlagbà kan dá ọ̀ràn sí ọmọdé lára, kò síbi tí a ti fẹ́ pín in sí méjì kí kálukú mú ìdajì.

Ẹ fojú inú wo ọjọ́ Kérésì yẹn. Pálọ̀ kún. Àwọn àgbà wà lórí àga, mínírà wà lórí tábìlì, ọkùnrin náà wà nínú agbádá. Wọ́n á ní kí ọmọ kúnlẹ̀ kí Bọ̀ọ̀dá. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bi í bóyá ó ti dárí jì í, á ní "ẹ̀ẹ́n", bó ṣe ń dáhùn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9, torí pé àgbà ló bi í. Gbogbo pálọ̀ á ṣe àmín. Òun nìkan ni kò ní sùn lóru ọjọ́ náà.

Judith Herman, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti ọdún 1992 pé ìwòsàn irú ọgbẹ́ yìí ní ètò: kí ọkàn ènìyàn kọ́kọ́ balẹ̀ pé ewu ti kúrò, kó tó wá lè sọ ìtàn náà kó sì sunkún rẹ̀, kó tó wá padà sí àárín àwọn ènìyàn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń wí yìí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Bí ọmọ yín bá máa dárí ji ọkùnrin náà lọ́jọ́ kan, á mọ ọjọ́ náà. Bí kò bá dárí jì í títí ayé, ara rẹ̀ ṣì lè yá; mo ti rí i.

Torí náà, ẹ padà lọ bá wọn kí ọdún tó sún mọ́lé. Ẹ sọ fún wọn pé ìjókòó náà kò ní wáyé, pé ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ sùn nílé yín, kò sì gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọ yín bá wà. Wọ́n lè ní ẹ fẹ́ tú ẹbí ká. Ẹni tó tú ẹbí ká ti tú u ká láti ọdún 13 sẹ́yìn.

Ní ti ọlọ́pàá, ọmọ yín ló máa sọ bóyá òun fẹ́ lọ. Àwọn kan á sọ fún un pé ẹjọ́ náà ti pẹ́ jù. Òfin Ìwà Ọ̀daràn àtijọ́ ní abala 218 ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ẹni tó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lò pọ̀ láàárín oṣù 2, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ kò fi irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ sí i, torí náà kó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kó tó gbà pé ilẹ̀kùn ti tì. Bí kò bá fẹ́, ẹ má fi dandan mú un. Wọ́n ti fi dandan mú un rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin àgbà gbọ́dọ̀ bi ara yín láìdúró de ọmọ: ilé ta ni ọkùnrin náà ń gbé báyìí, ọmọdé mélòó ló sì wà níbẹ̀? Bí ọmọdé bá wà, òbí wọn gbọ́dọ̀ gbọ́, àwọn wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ lè ṣe ìyẹn láìdárúkọ ọmọ yín.

Bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ gbà kí ẹ tó sọ ọ́. Mo ti rí àwọn bàbá tó jẹ́ pé àdá ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Lójú wọn, ìfẹ́ nìyẹn. Ọmọ ló ń wá di ẹni tó ń di bàbá mú, tó ń bẹ̀ ẹ́, tó ń kábàámọ̀ pé òun la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó kàn án ni kó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀, kó ní "mo gbà ọ́ gbọ́", kó sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbọ́ ṣáájú rẹ̀, ìyẹn náà á dùn ún. Ẹ yáa bẹ̀ ẹ́ fún un.

Mi ò bá pásítọ̀ yín jà. Àdúrà dára, bí ọmọ bá fẹ́ àdúrà. Ìdáǹdè ni mi ò fọwọ́ sí, torí ẹni tí ẹ̀mí burúkú wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń dá nídè. Ẹ ronú nípa ohun tí ọmọ yín máa gbọ́ níbẹ̀: àwọn ọkùnrin tó ju mẹ́ta lọ á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á tì í, wọ́n á máa pariwo pé kó jáde. Lára tó ti gan rí, kò sí ìyàtọ̀ tó pọ̀.

Ìtọ́jú wà. Fún ọmọdé, ìtọ́jú tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Judith Cohen, Anthony Mannarino àti Esther Deblinger, gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìjókòó 12 sí 16 ló sábà máa ń gbà, òbí sì ní ìjókòó tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ti àgbàlagbà bíi ọmọ yín kò jìnnà sí i: á máa bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, á kọ́ bí ara ṣe ń balẹ̀, á wá sọ ìtàn náà díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lè gbé e ṣubú mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni méjì, ti LAUTECH àti ti Bowen tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1907 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi; ẹ lọ béèrè dókítà ọpọlọ tàbí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà níbẹ̀. UCH, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti yunifásítì, wà ní Ìbàdàn. Iléèwé rẹ̀ náà lè ní agbaninímọ̀ràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀, ẹ sọ ti Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, fún wọn. Lọ́dún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò fi àwọn aláìsàn rẹ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ní Abẹ́òkúta, ó sì ní kí ìbátan kálukú wọn bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa gbé tì í. Àwọn oníṣègùn òkèèrè wá wò ó. Ohun tí ilé ń ṣe fún aláìsàn, ọmọ Yorùbá kan ti fi hàn wọ́n.

Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn oko àti gbogbo oògùn kúrò ní àrọ́wọ́tó, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún ẹ̀yin mìíràn tí tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ lánàá: ẹ má wẹ ọmọ, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ sáré dé ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 sì ni wọ́n ń lò ó. Èyí tó ń dènà oyún kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 5, bó sì ṣe tètè yá ló dára sí.

Ìyá wa, ẹ béèrè bóyá ó lè padà sí bó ṣe wà. Kò sí ẹni ọdún 22 tó lè padà di ọmọ ọdún 9, wọn ì bá fọwọ́ kàn án, wọn ì bá má fọwọ́ kàn án. Oorun rẹ̀ lè padà. Ẹ̀rín rẹ̀ lè padà. Ìyá kan wà tó máa ń bá ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Wẹsidé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì àmàlà láfún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè ohun tí a sọ nínú ilé rí. Bí ọmọ bá jáde, á ṣí fúláàsì, wọ́n á jẹun, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ló fi jókòó síta bẹ́ẹ̀. Ní ìkẹsàn-án, ọmọ ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ wọlé, Mọ́mì."

Ọjọ́ tí tiyín bá gbà láti lọ, ẹ bi í bóyá inú ilé ló fẹ́ kí ẹ jókòó sí tàbí ìta. Bó bá ní ìta, ẹ jókòó síta.